Àjàgbé Kì í Bèèrè Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀gbọ́n mi kò sùn nínú Olúwa. Orí àkàbà ló ti já bọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí ẹbí mú un wá fún ìsìnkú. Ojú ìwé kan ààbọ̀ ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ ọ́. Mo gbé e lọ fún akọ̀wé ìjọ. Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni akọ̀wé ìjọ wa. Ó ń kọ́ni ní yunifásítì, àdúgbò Mayfair ló ń gbé. Nígbà tí mo máa gbà á padà, báírò pupa ti bo gbogbo rẹ̀. Níbi tí mo ti kọ pé Àjàgbé ń kọ pátákó, ó fagi lé e, ó ní "olóògbé jẹ́ oníṣẹ́ ọnà." Níbi tí mo ti kọ pé ó já bọ́, ó ní ó sùn. Níbi tí mo ti kọ pé ibi gíga máa ń bà á lẹ́rù, ó fa ìlà pupa méjì, ó kọ "kò pọn dandan" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Máàkì nìkan ló kù tí kò fún mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló kà á níwájú pósí. Ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn èèyàn ń mirí. Èmi ń wo pósí, mo ń bi ara mi pé ta ni a wá sin.

Mo tún un kọ báyìí. Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, kó gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni Àjàgbé fi jù mí lọ. Ó yẹ kí n máa pè é ní "ẹ." Òun ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. "Èmi nìkan ni mo dúró síbí," ló máa ń wí, "àwọn wo lò ń kí?" Ìlódè ni wọ́n bí wa sí. Ìwé mẹ́fà ló wà nígbà tí bàbá wa kú, ibẹ̀ náà ni ìwé rẹ̀ parí sí. Màmá mú un lọ bá ọ̀gá kan ní Lágere tó ń kọ pátákó, irú àwọn tí a ń pè ní àtíìsì. Ó kọ́ṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, ó gba fíríìdọ̀mù, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sábó, láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀wà àti àwọn tó ń ta àgbò. Nígbà tí èmi náà fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo lọ. Mo ń ro ọ̀dà. Mo ń di àkàbà mú.

Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ó máa fi okùn tí a ti fi èédú pa fa ìlà sórí pátákó, á jókòó, á máa wo ìlà náà bí ẹni ń wo oúnjẹ, kó tó gbé búrọ́ṣì. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá dúró, ó dúró. Àwọn àtíìsì mìíràn a máa wá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, wọn á ṣe bí ẹni ń retí mọ́tò, ojú wọn á sì wà lára pátákó.

Ó ní òfin kan. Kì í kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹnu lásán sọ. Oníbàárà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ìwé, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ, Àjàgbé á bá a kọ ọ́, á kà á sí i létí, onítọ̀hún á ti àtàǹpàkò bọ ọ̀dà, á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí oníbàárà bá ṣe kọ ọ́ ni yóò ṣe wà lára pátákó. Kò ní fi kún un, kò ní yọ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó, yóò pe oníbàárà síta, lọ sídìí igi fúrúùtù iwájú ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ìyàwó. Yóò fi èédú fa ìlà tín-ín-rín sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. "Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyí?" Bí wọ́n bá ní rárá, wọn á tún un kọ. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Kì í bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé náà á wọ inú agolo bisikíìtì kan tó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, tòun ti ìlà èédú rẹ̀.

Ẹ ó ní ìwé mẹ́fà ló kà, báwo ló ṣe ń mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́wàá, bó bá dé orí ìkọkànlá tó sì yàtọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀, tí àtẹ̀gùn kan kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyá Fàrídà tó ń ta ìrẹsì lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ wa gbé ìwé tirẹ̀ wá. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Èmi tí mo jẹ́ fọ́ọ̀mù tú, mo rí i pé kò rí bó ṣe yẹ. Àjàgbé pè é sídìí igi, ó bi í. Ìyá Fàrídà ní bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo ní kí á ṣáà tún un ṣe, kò ní mọ̀.

"Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù?" Àjàgbé bi mí.

"Ìyá Fàrídà."

"Ta ló ni ẹnu tó sọ ọ́?"

"Òun náà ni."

"Kí ló wá kù tó jẹ́ tìẹ?"

"Ọ̀dà."

"Ó dáa. Ro ó."

A gbé pátákó náà kọ́. Kò tó oṣù kan tí Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú Pijó rẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ ṣọ́ọ̀kì nínú àpò, ó fi yí ọ̀rọ̀ kan po lára pátákó Ìyá Fàrídà. Ó tún yọ ìwé kékeré kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn ọmọ inú ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín. A wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ohun tó ń fi kọ́ wọn nìyẹn. Pátákó Sábó. Ó máa ń kà á fún wọn ní kíláàsì, wọn á rẹ́rìn-ín títí omi á bọ́ lójú wọn.

Ìyá Fàrídà jáde síta. "Ọ̀gá, ṣé ìrẹsì lẹ fẹ́ rà ni?"

"Rárá, Màmá. Ọ̀rọ̀ yín ni mo bá yín tún ṣe. Àṣìṣe wà níbẹ̀."

"Ó pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ra ìrẹsì kò rí i. Wàláì, ẹ̀yin tí ẹ kò ra nǹkan kan lẹ rí i."

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Àwọn ta ni? Ṣé àwọn tí ẹ kó wá ni?"

Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Ìyá Fàrídà fi etí ìborùn rẹ̀ nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò. Ó wo Àjàgbé, ó ní, "Ìwọ tí o rí i kí ọkùnrin yìí tó rí i, ìdí igi lo pè mí sí."

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ lẹ̀gbọ́n mi, tàbí pé kò bìkítà. Ọkùnrin kan ní Mọ̀rè gbé ìwé wá fún pátákó orí kànga. Kẹrosíìnì ti dà sínú kànga náà, ó fẹ́ kí àwọn èèyàn má mu ún. Bó ṣe kọ ọ́, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ kékeré kan, ó wá dà bí ẹni ní kí wọ́n máa mu ún. Àjàgbé bi í. Ọkùnrin náà ń kánjú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, kọ ọ́. Àjàgbé kò gbé búrọ́ṣì. Ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú lórí ìwé títí ó fi fi ọ̀rọ̀ náà kún un. Mo ní, "O ti yẹ òfin rẹ." Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìwé kíkọ, ẹ̀mí ni. Ibi tí ẹ̀mí wà, mo lè bèèrè nígbà ogún."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ní ọdún 1994, ìjọ wa kọ́ gbọ̀ngàn tuntun. Wọ́n fẹ́ pátákó ńlá síwájú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́ fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi kò sí níbẹ̀, mo lọ ra ọ̀dà ní Lágere. Nígbà tí mo dé, Àjàgbé ti ń fa okùn. Ojú rẹ̀ kò dùn. N kò bèèrè ìdí. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe pátákó yẹn. Mi ò tíì rí ọwọ́ rẹ̀ kó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣọ́ọ̀ṣì Màmá ni, Àjàgbé sì mọ̀ pé wọ́n á máa tọ́ka sí i pé ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n máa ṣí i, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó. Àlejò pàtàkì kan wá láti Ìbàdàn. Ó fa aṣọ náà, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà àlejò náà sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ka ọ̀rọ̀ kan tí lẹ́tà rẹ̀ ṣì sókè, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lára pátákó. Àwọn tó mọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n náà wá bá wọn rín in.

Gbogbo ojú yí sí akọ̀wé ìjọ. Ó ní, "Ẹ dárí jì wá, sà. Àwọn àtíìsì wa yìí, òpè ni wọ́n. Èèyàn á kọ nǹkan tó dára fún wọn, wọ́n á bà á jẹ́." Ó nawọ́ sí Àjàgbé. "Òun nìyẹn."

Àjàgbé wọ búbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ omi aró tí Màmá rà fún un. Ó dìde. Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ó kàn tẹrí ba fún àlejò, ó tún jókòó. Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì kẹta láàárín àwọn obìnrin. Kò gbé orí sókè mọ́ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Nígbà tí a délé, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí i."

"O rí i, o sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ṣì.

"Òótọ́ ni Dókítà sọ nígbà yẹn," mo ní. "Òpè ni ọ́."

Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi àbúrò rẹ̀, tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé búrọ́ṣì sókè, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní, "Lọ ro ọ̀dà." Kò sí ọ̀dà kankan nílẹ̀ tí a fẹ́ lò lọ́jọ́ náà.

Dókítà kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn akọ̀wé ìjọ. Ó sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ lọ bá àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ sọ ọ̀rọ̀ orí pátákó yẹn di orúkọ mi, bí mo bá ti wọlé ni wọ́n máa ń fi pè mí. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé ló ń bọ́ wa tẹ́lẹ̀, pátákó tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kọ. Ìyá Fàrídà àti àwọn bíi tirẹ̀ nìkan kò kúrò lẹ́yìn wa.

Ohun tó kù ni pátákó orí òrùlé. Hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé-epo. Àjàgbé kì í gba irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti kékeré, kì í gun nǹkan. Bí a bá lọ ká máńgòrò, ìsàlẹ̀ ló máa ń dúró sí, èmi ni mo ń gùn. Báyìí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Mo ní kí n gùn dípò rẹ̀, ó ní ọwọ́ mi kò tíì dúró. Òótọ́ ni, kò tíì dúró.

Oṣù kẹta ọdún 1996, hòtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn. A so àkàbà méjì pọ̀. Èmi ni mo di ìsàlẹ̀ mú. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni, oòrùn mú. Ó ku lẹ́tà méjì kó parí. Okùn tí a fi so àkàbà pọ̀ já. Ó já bọ́ sórí kọnkéré.

Kò sùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá ní kí n kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù jọ. Ó ní kí n wá iṣẹ́ mìíràn. Mo fa agolo bisikíìtì jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, mo fẹ́ da ìwé inú rẹ̀ nù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n. Ti Ìyá Fàrídà wà níbẹ̀. Ti ọkùnrin Mọ̀rè wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Àjàgbé mú kó fi kún un. Mo tú u dé àárín, mo rí ìwé kan tó nípọn, tó funfun, tó ní orúkọ yunifásítì lókè.

Mo mọ ọwọ́ ìwé náà. Òun náà ló fi báírò pupa kọ "kò pọn dandan" sí ẹ̀gbẹ́ ikú ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀rọ̀ pátákó ṣọ́ọ̀ṣì ni. Gbogbo rẹ̀ pé. Èmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo mọ̀. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n ti fi ń pè mí. Bó ṣe wà lára pátákó náà ló ṣe wà nínú ìwé yẹn, lẹ́tà sí lẹ́tà. Dókítà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà èédú tín-ín-rín sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Àjàgbé ti bi í. Ó pè é sídìí igi, ó bi í, Dókítà sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìrù gígùn tó máa ń fi sí i.

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Mo ń rántí bó ṣe dìde nínú búbá aláwọ̀ omi aró tó tún jókòó. Ìwé yìí wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló jìn sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó lè lọ mú un wá. Kò lọ. Kò sọ ọ́ fún mi pàápàá nígbà tí mo pè é ní òpè. Oníbàárà ni, àṣírí oníbàárà ni.

Mo mú ìwé náà lọ fún Màmá. Kò mọ̀ọ́kà, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

"Jó o," ó ní.

"Màmá, òun ló máa wẹ orúkọ Àjàgbé mọ́."

"Mo mọ̀ pé orúkọ Àjàgbé ni. Èmi ni mo sọ ọ́. Ìjọ yẹn ló sin bàbá yín. Ìjọ yẹn ló sin òun. Ta ló máa sin èmi, Awódélé?"

Mi ò jó o. Mo lọ sí Mayfair ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo rò ó pé bí Àjàgbé ṣe máa ń ṣe ni kí n ṣe. Kì í ṣe níwájú èèyàn. Ní kọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan.

Ìyàwó rẹ̀ ní kí n wọlé. Ó wà ní pálọ̀, ó ń máàkì ìwé. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìwọ àbúrò olóògbé. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Nítorí ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni mo ṣe wá, sà."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tó di olóògbé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́."

Mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. Ó wọ díńgí ojú rẹ̀, ó wò ó. Ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta lo ti fi èyí hàn?"

"Màmá mi nìkan."

"Ó dára. Fi sílẹ̀ níbí."

"Ìwé ṣọ́ọ̀bù ni, sà. Kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù." Mo mú un padà. "Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, níbi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ náà, kí ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, pé Àjàgbé bi yín."

Ó bọ́ díńgí. "Ọdún méjì ti kọjá. Lẹ́tà kan ni. Ta ló tún ń rántí?"

"Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà kan, kí ló dé tí ẹ fi pè é ní òpè nítorí rẹ̀?"

"Ṣọ́ra bí o ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyí, sà?" mo bi í.

Kò mọ ìbéèrè tí mo bi í. Ó rò pé ìjà ni mo fẹ́ jà. "Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn," ó ní. "Máa lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jáde.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Mo ra pátákó tuntun, èyí tó tóbi jù. Mo fi èédú pa okùn, mo fa ìlà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Ọwọ́ mi dúró. N kò mọ ìgbà tó dúró. Bí ìwé náà ṣe rí ni mo ṣe kọ ọ́: orúkọ yunifásítì lókè, ọ̀rọ̀ ìjọ láàárín, ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe kọ ọ́, ìlà èédú lábẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìrù gígùn rẹ̀. N kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Mo gbé e kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ sí títì.

Ìyá Fàrídà ló kọ́kọ́ dé. "Kí ni eléyìí?"

"Ìwé oníbàárà ni."

Ó wò ó títí. Ó pe ọmọ rẹ̀ kó wá kà á fún un. Nígbà tí ó gbọ́ orúkọ ìsàlẹ̀, ó ní, "Ọkùnrin ṣọ́ọ̀kì." Ó lọ sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé abọ́ ìrẹsì kan jáde, ó gbé e fún mi. Kò gba kọ́bọ̀.

Àwọn takisí tó ń lọ sí yunifásítì ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n mọ ọwọ́ ìwé náà. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń fi pátákó Sábó rẹ́rìn-ín, títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi bí mo ṣe rò. Mo ṣáà fẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Pijó náà dúró. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó wo pátákó, ó wò mí.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Bí ẹ bá mú ìwé mìíràn wá, sà, n ó pa èyí rẹ́, n ó kọ tuntun sórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí. Kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́."

Mo gbé ìwé àti báírò sórí bẹ́ǹṣì. Ó jókòó. Ó kọ ọ́, ó tì í sí mi. Yorùbá ni. "Àṣìṣe kan wáyé lára pátákó ìjọ ní ọdún 1994. A tọrọ àforíjì." Kò sí àléébù kankan nínú rẹ̀. Gbogbo àmì rẹ̀ pé.

Mo pè é sídìí igi fúrúùtù. Ó tẹ̀ lé mi. Mo fi èédú fa ìlà sábẹ́ "wáyé."

"Ta ló ṣe é, sà?"

Ó wo ìlà náà. Ó mọ ohun tí mo ń bèèrè. Ó gba báírò lọ́wọ́ mi. Mo rí i tí ẹnu báírò kan ìwé. Mo ń gbàdúrà pé kó kọ ọ́. Kí Olúwa gbọ́, mo ń gbàdúrà. Ká ní ó kọ "èmi," ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ǹ bá pa pátákó yẹn rẹ́ níṣojú rẹ̀, ǹ bá sì lọ jókòó ti Màmá lórí bẹ́ǹṣì kẹta.

Ó dé báírò padà. "Ẹ̀yin èèyàn yìí," ó ní. Ó wọ ọkọ̀.

Kò kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ìwé tí kò ní orúkọ, a kì í kọ ọ́. Mo fi sínú agolo.

Wọ́n lè sọ pé Àjàgbé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ti sọ ọ́. Pásítọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó sọ ọ́. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Àjàgbé náà ló sọ ọ́ pé ibi tí ẹ̀mí bá wà, òun lè bèèrè nígbà ogún. Ẹ̀mí ló wà níbí. Ẹ̀mí rẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀mejì péré ni mo bèèrè.

Màmá kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan ó gba Sábó kọjá, ó ra ẹ̀wà, ó wá dúró níwájú pátákó. Ó bi mí èwo ni ọ̀rọ̀ náà. Mo fi ọwọ́ hàn án. Ó bi mí èwo nínú ọ̀rọ̀ náà ni lẹ́tà tó ṣì. Mo fi hàn án. Ó fi ọwọ́ kàn án. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Èyí kékeré yìí," ó ní.

Ó gbé ẹ̀wà rẹ̀, ó lọ. Ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó lé e. Dókítà kò ka nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn ló ń kà á.

Ọdún kejì rèé. Òjò ti ń jẹ ọ̀dà pátákó náà láti ìsàlẹ̀, ìrù orúkọ Dókítà ti ń ṣí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ro ọ̀dà dúdú, mo tún un kọ. Bó ṣe kọ ọ́ náà ni.